Aṣọ Tó Wé

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejìlá 2024

A ti ti ilé-ìwé. Ọyẹ́ ò jẹ́ kí n sinmi. Àárọ̀ yìí gan-an ló wọlé tòun ti eruku. Ètè mi ti bó. Gbogbo ojú fèrèsé ti funfun.

Iṣẹ́ ìsinmi mi wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ó kọjú sí ọ̀sà. Alága. Orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn, torí láti oṣù kẹwàá tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, orí àga yẹn ló ń gbé. Ìyá Sewanu ni. Ìyá ọkọ mi. Sewanu fúnra rẹ̀ ti kú, ó di ọdún kejì, ó fi èmi àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé kan bí ẹni so ewúrẹ́ àti ajá mọ́ òpó kan náà.

Àìsàn yẹn mú Yorùbá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo Yorùbá tó fi ń bá mi jà láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, ó lọ ráúráú. Ègùn ló kù, Ègùn náà ò sì pé. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ méjì, ó tán. Èmi náà, Ègùn ọjà ni mo gbọ́: èló ni, ó wọ́n jù, ẹ ṣé. Kí ni mo fẹ́ fi jù bẹ́ẹ̀ ṣe? Nígbà tó bá fẹ́ bú mi, Yorùbá rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ.

Ànàgó ló ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe Yorùbá lédè wọn. Kò pè mí ní Tàwàkálítù rí, kò pè mí ní ìyàwó rí. Ànàgó, wá. Ànàgó, iyọ̀ ti pọ̀. Èyí nìkan ni àìsàn ò mú lọ.

Ìbùkún tó ń jókòó tì í nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́ ti lọ ilé ọkọ. Gómìnà ti wá pàṣẹ lórí fóònù. Gómìnà ni Àǹtí Senami, ẹ̀gbọ́n Sewanu tó ń gbé ní Gbaji. Ó ní ká fi ìsinmi yìí wò ó. Tí Mama bá gbà kí n máa tọ́jú òun, a ó wá ẹlòmíì rọ́pò Ìbùkún. Tí kò bá gbà, òun á wá gbé e lọ Gbaji kí ilé-ìwé tó wọlé.

Mo ní ó dáa. Tó bá lọ, èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, n kò ní sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Jímọ̀, 20

Ó ń gbọ̀n. Kò gbà kí n gbé òun wọlé. Ọ̀sà ló fẹ́ máa wò láti àárọ̀ títí oòrùn á fi ta.

Mubarakah pè. Ọmọ mi kan ṣoṣo, ó wà ní Kánádà níbi tí omi ti ń di òkúta. Mo ní òtútù ń mú ìyá bàbá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Màámi, òtútù wo ló wà ní Badagry?" Ó gbé fóònù sí ojú fèrèsé kí n lè rí ìta. Ó funfun bí ìyẹ̀fun láti ibi dé ọ̀hún. Mo ní mo ti rí i, ṣùgbọ́n kó lọ fi han ẹni tó ń gbọ̀n.

Ó wá sọ bí òun ṣe lo ọdún àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò ra kóòtù. Ohun tó wà nínú báàgì tó gbé láti ilé ló ń tò jọ: bùbá òwú mi tó ti gbó ló wọ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀wù òtútù méjì tẹ̀ lé e, búbù àńkárá lórí ìyẹn, aṣọ òjò lórí gbogbo rẹ̀. Ṣòkòtò méjì. Ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ a máa bi òun pé níbo lòun ti rà á.

Ó ní ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí èyí tó fara kan ara jẹ́ tínrín, kó lè fa òógùn. Kí èyí tó tẹ̀ lé e wú. Kí ti òkè le, kí atẹ́gùn má ráyè. Ó ní aṣọ gan-an kọ́ ló ń mú ara móoru, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ ni.

Láti ìgbà tí mo ti lóyún ọmọ yìí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtọ́jú ilé àti aṣọ ní Aradagun. Mo mọ òwú, mo mọ sílíkì, mo mọ bí a ṣe ń yọ epo lára léèsì. N kò rò ó rí pé àlàfo là ń wọ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

"Ẹ má ra nǹkan kan o, Màámi. Ẹ kàn ṣí kọ́bọ́ọ̀dù."

Kọ́bọ́ọ̀dù Sewanu ló ń sọ. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 21

Mo ṣí i. Ó ń rùn káńfọ̀. Mo rò pé màá sunkún, ẹkún ò wá. Mo kó aṣọ jáde bí ẹni ń kó ìwé ìdánwò.

Sìǹgílẹ́ẹ̀tì funfun sísàlẹ̀. Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ ewé, èyí tó rà ní Jos nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀. Lórí rẹ̀, Kóòtù Yúróòpù.

Kóòtù Yúróòpù ní ìtàn. Nígbà tí wọ́n ní àwọn máa rán Sewanu lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílùú òyìnbó, kò dúró de físà, ó ti lọ bá àwọn olókìrìkà. Kóòtù dúdú, ó balẹ̀ dé orúnkún, bọ́tìnnì rẹ̀ tó ìdérí ìgò. Físà ò jáde. Kóòtù kù. Mama ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Bí oòrùn bá ti mú gan-an báyìí, á fi ohùn Ègùn rẹ̀ yẹn ké sí i pé, "Sewanu, lọ wọ kóòtù rẹ o, yìnyín ń bọ̀!" Sewanu á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo wọ gbogbo rẹ̀ fún Mama ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo kóòtù náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá, mo kírun tán, gáùn àdìrẹ tí mo fi sùn ló ṣì wà lọ́rùn mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì bọ́ kóòtù. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. N kò ràn án lọ́wọ́. Ó bọ́ ọ tán, ó jù ú lù mí.

"Avọ," ló wí. "Avọ towe."

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Síbẹ̀.

Àìkú, 22

Mo bi Abdulbasit tó ń ta epo mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbọ́ Ègùn díẹ̀. Kí ni avọ? Ó ní aṣọ ni. Ó ní kí n ṣọ́ra o, avivọ tún wà, òtútù nìyẹn, àwọn méjèèjì jọra létí ẹni tí ò gbọ́ ọ.

Ó dáa. Avọ, aṣọ. Èyí tó kù ò gba ògbufọ̀, Yorùbá ni. Tó wé. Aṣọ tó wé!

Gèlè ló ń bèèrè. Orí ló ń tutù. Yorùbá rẹ̀ ti ń padà bọ̀, alhamdulillah. Inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ.

Ajé, 23

Gèlè àńkárá: ó tú u. Gèlè òfì, èyí tí mo fi ṣègbéyàwó: ó tú u. Ìborùn tí Mubarakah fi ránṣẹ́: ó jẹ́ kí n wé e tán dáadáa, ó ń wò mí, ó sì fa á kúrò bí ẹni ń fa ewé kókò. Gbogbo rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń jù ú sí. Avọ towe, avọ towe. Mo ní, "Mama, mo ti wé e! Ó ti wé!" Ó pòṣé.

Eruku yìí ti fún mi níkọ́. Bí mo bá ti wúkọ́, òun náà á wú tirẹ̀: họ́ù, họ́ù. Kò níkọ́. Ó ń sín mi jẹ ni. Àgbàlagbà.

Ìṣẹ́gun, 24

Hìjáàbù mi tó nípọn. Ó pẹ́ lára rẹ̀ díẹ̀. Mo lọ yí ọbẹ̀, mo dé, ó ti wà lórí àpótí tí mo fi ń jókòó.

Ọjọ́rú, 25

Gómìnà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti kúlà ìrẹsì. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó bá Mama pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, kakí àgùnbánirọ̀ lórí búbù, ṣòkòtò eré ìdárayá lábẹ́ ìró.

"Yéè! Tàwá! Ṣé Zàngbétò lo fẹ́ fi Mama ṣe ni?"

Ẹ̀rín pa èmi náà. Lóòótọ́, ó jọ eégún koríko wọn yẹn. Mo ṣàlàyé fún un, ìpele-ìpele, àlàfo, ọgbọ́n Kánádà. Mo sì sọ ìròyìn ayọ̀ mi: pé Yorùbá Mama ń padà bọ̀, ó ń bèèrè aṣọ tó wé.

Gómìnà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi Ègùn bá a sọ̀rọ̀. Mama nawọ́ òsì sí mi. Avọ towe.

Gómìnà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wá ní, "Tàwá, Yorùbá kọ́ nìyẹn o. *Towe*, tìrẹ ni. Aṣọ tìrẹ. Ó ní aṣọ rẹ ni."

Mo ní aṣọ mi ńkọ́?

Ó ní bóyá Mama ò fẹ́ kí aṣọ tèmi wà lára òun ni. Ó ní kí n má bínú, mo ṣáà mọ Mama, nǹkan ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ràn. Ó lu èjìká mi. Ó ní èèyàn laṣọ.

Tí èèyàn bá jẹ́ aṣọ, èmi ni èyí tí wọ́n ń bọ́ jù sílẹ̀. Mo fọ abọ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́bọ̀, 26

Aṣọ tìrẹ. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Àbámẹ́ta, 28

Àárọ̀ yìí tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kùrukùru bo ọ̀sà, a ò rí òdìkejì. Àwọn apẹja ń kọjá, ohùn wọn nìkan là ń gbọ́.

Mo pète. Tó bá jẹ́ pé aṣọ mi ni kò fẹ́, n kò ní fọwọ́ kan aṣọ mi. Mo lọ ṣí àpótí tirẹ̀. Bùbá òwú rẹ̀, ti ìsàlẹ̀. Ìró aláró rẹ̀ méjèèjì, mo fi wọ́n bò ó lórí ara wọn, mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín bí Mubarakah ti wí. Ìborùn ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wọn lókè pátápátá. Kò sí òwú tèmi kan níbẹ̀. Mo tiẹ̀ ti fọ ọwọ́ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n, kó má baà rí wí.

Ó fọwọ́ pa ìró náà. Ó mi orí bí ẹni gbà. Mo ní a ti débẹ̀.

Ó fa ìró ti òkè yọ, ó jù ú sí mi. Avọ towe!

Mo pariwo. "Mama, tiyín ni! Tiyín ni èyí! Ẹ̀yin lẹ ra á!" Òun náà pariwo. Avọ towe! Mo wúkọ́, ó wúkọ́. Abdulbasit fi epo sílẹ̀ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ojú tì mí.

Mo rò ó pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi mọ́. Ó rọrùn fún mi láti gbà bẹ́ẹ̀ ju èyí tí Gómìnà sọ lọ.

Ajé, 30

Ọgbọ́n tuntun. Mo dúró kó sùn kí n tó tò ó lé e: sìǹgílẹ́ẹ̀tì ò ṣeé ṣe, mo fò ó. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lórí àyà. Ìró. Kóòtù Yúróòpù lókè. Ó mí dáadáa, kò mira. Mo na ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọ̀kankan lára rẹ̀. Ó ti tì wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lórí ẹní mi, lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí ẹja. Kí n má purọ́, èmi sùn dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 31

Ikọ́.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kìíní 2025

Mubarakah pè, ọdún á yabo. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti gbìyànjú fún un. Ó ní òun ò rí irú àtinúdá bẹ́ẹ̀ rí, kí n máa ya fọ́tò rẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màámi? Kí lẹ wọ̀? Ikọ́ yẹn ò dáa létí mi." Mo ní kó fi tèmi sílẹ̀. Mo ní ara mi ò tutù. Mo ti kó gbogbo ohun tó móoru nínú ilé yìí sọ́dọ̀ Alága, n kò sì ní lọ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ torí ikọ́ eruku.

Lẹ́yìn ìyẹn mo pe Gómìnà. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú." Ó bi mí ṣé ó dá mi lójú. Mo ní Mama ti sọ tẹnu rẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ títí. Ó ní, "Má rò ó pé ẹjọ́ rẹ ni." N kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ aṣọ ni.

Mo sọ fún Mama pé Senami ń bọ̀ wá mú un. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó ń wo ọ̀sà.

Àìkú, 5

Wọ́n ti lọ.

Mo wọ̀ ọ́ láṣọ fún ìrìn àjò náà. Bùbá rẹ̀, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, Kóòtù Yúróòpù. Mo de bọ́tìnnì náà títí dé ọrùn. Kò bọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ní inú rẹ̀ ń dùn pé òun ń lọ ni.

Wọ́n gbé e sínú mọ́tò. Mo kó àpótí rẹ̀ sẹ́yìn, mo padà wá síwájú láti sọ pé ó dàbọ̀. Ó ti bọ́ kóòtù. Bó ṣe ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ kan náà nínú àyè tó há yẹn, n kò mọ̀. Ó na kóòtù jáde lójú fèrèsé mọ́tò. Ó ń na án sí mi.

"Ànàgó. Avọ towe."

Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Gómìnà gba kóòtù náà, ó dá a padà sórí itan rẹ̀. Ó ní, "Mama, ó tó. Ó ti gbọ́." Ó wò mí bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Mọ́tò gbéra.

Mo gbé àga wọlé. Mo ní ó kéré tán, n kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ajé, 6

A wọlé. Mo kọ́ wọn ní aṣọ ìgbà òtútù, kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn, ó kàn wù mí ni. Ìpele mẹ́ta. Àlàfo. Favour tó máa ń jókòó níwájú ní, "Ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, mà, ẹ̀ ń wúkọ́." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀.

Ọjọ́rú, 8

Mo se ẹ̀kọ ènìyàn méjì. Mo da ti ẹnì kan nù.

Jímọ̀, 10

Gómìnà pè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Tàwá, ṣé ò ń wúkọ́ ni?"

Mo ní ta ló sọ fún yín. Ikọ́ ọ̀hún sì mú mi bí mo ṣe ń bèèrè.

Ó jẹ́ kí n wú u tán. Ó ní, "Mama ló sọ ọ́."

Ó ní láti ọjọ́ tí Mama ti dé, kò jẹ́ kí ẹnì kankan gbé kóòtù yẹn kọ́. Orí itan ló wà. Wọ́n fẹ́ fi bò ó, ó kọ̀. Ọmọ ilé kan fẹ́ fi ṣeré, ó gbá a lọ́wọ́. Ègùn nìkan ni gbogbo ilé Gbaji ń sọ, kò sí Yorùbá láti dààmú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ń là díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ yìí ó dá Gómìnà dúró, ó di ìró rẹ̀ mú. Avivọ, ló wí. Ànàgó. Ó wúkọ́, họ́ù, họ́ù, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Ó wá gbé kóòtù náà sókè. *Avọ Ànàgó tọn.*

Òtútù. Ànàgó. Aṣọ Ànàgó nìyí.

Gómìnà ní, "Èmi ni mo ṣìṣe. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀, n kò wo ẹni tó ń sọ ọ́. Kò sọ pé òun ò fẹ́ aṣọ rẹ. Ó ń bi ọ́ ni. Ó ní tìrẹ dà?"

Mo gbé fóònù lé itan. Ó rò pé iná fóònù ti kú. "Tàwá? Tàwá?" Mo ní mo wà ńbí.

Mo ti jókòó sórí àga Alága báyìí. Mo ń tún gbogbo rẹ̀ gbé wò. Ó wo gáùn àdìrẹ tó fẹ́lẹ́ lọ́rùn mi kó tó bọ́ kóòtù. Hìjáàbù lórí àpótí mi. Ìró tirẹ̀ gan-an, tó fà yọ nínú òtútù, tó jù sí mi. Aṣọ lórí ẹsẹ̀ mi, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ sì tutù. Ọwọ́ òsì, torí òun nìkan ló kù fún un láti fi fúnni ní nǹkan. Àti èmi, mo ń wé gèlè fún un.

Ẹkún tí mo wá lọ́dọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn tí n kò rí, òun ló dé yìí. Mo sun ún dáadáa.

Àìkú, 12

Ọyẹ́ ti lọ. Oòrùn ta láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tèmi, mo wọ̀ ọ́ bó ti yẹ: bùbá òwú, ẹ̀wù òtútù, hìjáàbù tó nípọn lókè. Mo ju ìborùn Mubarakah sí èjìká. Ọlọ́kadà bi mí pé, "Ìyá, ṣé ara yín yá?" Mo ní Gbaji ni mò ń lọ.

Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, òógùn ti mú gbogbo ara mi. Mama wà lábẹ́ igi níwájú ilé, ibi tó ti lè máa wo ọ̀nà. Kóòtù wà lórí itan rẹ̀. Ó rí mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ka aṣọ ọrùn mi ní ìkọ̀ọ̀kan, mo rí i tó ń kà á. Mo rò pé yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi pè mí. Ó gbé kóòtù náà lé mi léjìká lórí gbogbo rẹ̀, nínú oòrùn yẹn, ó ń tiraka títí ó fi rí bọ́tìnnì kan dè, ti òkè. Ó wá fà sẹ́yìn, ó wò mí, Kóòtù Yúróòpù lọ́rùn Ànàgó lọ́sàn-án gangan ní Gbaji. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́sí ni, ti yìnyín ń bọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Gómìnà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi etí ìró nu ojú. Mo bá a sọ̀rọ̀ kí n tó gbàgbé. Mo ní ọjọ́ iṣẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, àmọ́ láti ọ̀sán Jímọ̀ títí di alẹ́ Àìkú, tèmi ni. Ó ní ta ló fẹ́ bá mi jiyàn pẹ̀lú irú aṣọ tí mo wọ̀ yìí.

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn rọ̀. Mo rí i tí ẹsẹ̀ Mama ń gbọ̀n díẹ̀. N kò bọ́ kóòtù, n kò jẹ́ dán an wò. Mo mú ìborùn èjìká mi, mo fi wé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, èyí tó yè àti èyí tó kú. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ẹnu mi lórí ọ̀kadà láti Badagry.

"Mama," mo ní. "Avọ towe."

Ó wo ìborùn náà. Ó wo kóòtù lọ́rùn mi. Kò bọ́ ọ.